Ọjọ́ Mẹ́jọ ní Ìkòròdú, Ọ̀sẹ̀ tí Jẹ́nífà Padà Dé

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kejìlá 2024

Agogo méje àárọ̀ ni mo kúrò ní Ìwó Road, n'Íbàdàn. Ọyẹ́ ti gbòde, ètè gbogbo èrò ọkọ̀ funfun bí ẹni tó lá ẹfun. Mo fi ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sọ́dọ̀ Màámi, mo ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni n óò padà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń dirun ní Ìgbógbò, ní Ìkòròdú, ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ọdún ti dé tán, àwọn ọmọ iṣẹ́ òun méjì sì ti ṣe fíríìdọ̀mù lọ, ọwọ́ òun nìkan ò ká oníbàárà mọ́. Èmi náà kọ́ṣẹ́ irun kí n tó máa ta aṣọ, ọwọ́ mi kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Ní Ṣàgámù, awakọ̀ wa fi ọ̀nà márosẹ̀ sílẹ̀, ó gba ti Ògijó. Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà yẹn rí mọ ohun tí mò ń sọ: ihò wọnú ihò, tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn. Ògijó la wà tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ́. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ ń tú táyà, rédíò rẹ̀ kò dákẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ohun tí gbogbo ẹnu máa fi ọ̀sẹ̀ yìí sọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní òní gan-an ni fíìmù tuntun Fúnkẹ́ Akíndélé, Everybody Loves Jenifa, wọ ilé sinimá, òní náà sì ni Seven Doors tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe bọ́ sórí Netflix.

Ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ọmọ wa ni o! Ìkòròdú la bí i sí."

Òótọ́ ló sọ. Ní Ìkòròdú ni wọ́n bí Fúnkẹ́ Akíndélé, ní 1977. Ṣùgbọ́n ohùn tí ìyá náà fi sọ ọ́ ni mo ń rò títí a fi tún gbéra. Ohùn ẹni tó bá wọn jẹun ìsọmọlórúkọ ni.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó kọjá Odógúnyàn. Ní ráńdábáọ́ọ̀tù Ìkòròdú mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìgbógbò. Morayo ni ọmọ tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà ń gbọ́, àwo orin tí Wizkid gbé jáde ní 22 oṣù Kọkànlá. Mọ́rayọ̀ lorúkọ ìyá Wizkid tó kú ní oṣù Kẹjọ 2023. Ọmọ náà mọ orin náà lórí látòkè délẹ̀, nígbà tí mo sì bi í pé kí ló dé tó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ní ìyá tòun náà ti kú. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí mo fi sọ̀. Mo fún un lówó rẹ̀, mo sì ṣàdúrà fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kejìlá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ọjà onídìrí. Kí n tó rin pákò tán, ọmọdébìnrin mẹ́ta ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, kálukú gbé átàṣímẹ́ǹtì tirẹ̀ sórí itan nínú ọ̀rá. Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀yìn ilé ń ké, òórùn èéfín rẹ̀ ń bá òórùn òróró àgbọn jà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi ní sùkú lòun fẹ́, ti àtijọ́, tí kò ní átàṣímẹ́ǹtì nínú. Inú mi dùn. Mo fi ìlàrí pín orí ọmọ náà, mo fi òróró pa á láwọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí. Ibẹ̀ ló ṣòro jù nínú sùkú. Irun ẹ̀yìn etí kúrú, ó rọ̀ bí òwú. Bí o bá fà á jù, ọmọ á ké. Bí o bá dẹ̀ ẹ́, kò ní tó ọ̀sẹ̀ kan tí yóò fi tú. Ńṣe lo máa fi ìka mẹ́ta gbá a mú, o óò máa bù ú díẹ̀díẹ̀ kún bó o ṣe ń gòkè lọ sí àtàrí, kí gbogbo ọwọ́ irun lè pàdé lókè bí ìdí agbọ̀n. Ọmọ náà sùn lọ láàárín orúnkún mi. Inú oorun ló wà tí mo fi so ó tán.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọmọge méjì ló dá a sílẹ̀. Ọ̀kan ní kò sẹ́ni tó tó Jẹ́nífà, èkejì ní kí wọ́n fara balẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, pé Aláàkadá tuntun tí Tóyìn Abraham ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ìgbà yẹn làwọn máa mọ ẹni tó ni ilé sinimá. Ọ̀rọ̀ náà le. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi omi gbígbóná rẹ irun ẹnì kan ní ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń fi owó yín kọ́lé?

"Àǹtí, ẹ má bínú," ọmọge àkọ́kọ́ dáhùn, "a ò tíì ríwó wò ó ni."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mí kanlẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí jẹ́ 70,000 náírà, àwọn tí ń gbowó náà ò sì pọ̀ nínú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì sinimá kan ju owó irun tí wọ́n fẹ́ dì lọ. Síbẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún yìí, fíìmù A Tribe Called Judah tí obìnrin yìí kan náà ṣe ni fíìmù Nàìjíríà tó kọ́kọ́ pa bílíọ̀nù kan náírà nílé sinimá ilẹ̀ wa. Àwọn èèyàn ń rí owó náà yọ níbì kan.

Mo rántí 2008, nígbà tí Jẹ́nífà àkọ́kọ́ jáde. Sídì ni a fi wò ó. Ẹnì kan ló rà á ní àdúgbò wa, ilé mẹ́jọ ló sì wò ó. Nígbà tó fi dọ́dọ̀ wa ó ti ha, ó máa ń dúró gbágbá síbì kan náà, a óò yọ ọ́, a óò fi ẹnu fẹ́ ẹ, a óò fi etí aṣọ nù ún, a óò tún kì í bọ̀ ọ́. Ọmọ abúlé tó wọ yunifásítì tó fẹ́ di ọmọ ìgboro ni ìtàn náà dá lé. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú láti oko nígbà yẹn, mo mọ ohun tí ń ṣe Súlíà, orúkọ Jẹ́nífà gangan. N kò rí i bí eré ẹ̀fẹ̀ rí.

Orí mẹ́sàn-án ni mo dì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìka mi wú.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kejìlá

Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ síbi ìnáwó. Oníbàárà rẹ̀ kan ló ń fọ́mọ fọ́kọ. Ẹ ò rí ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n bù fún wa! Ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n bu epo àti ẹja gbígbẹ sí, tó dì mọ́ra láìle. Ará Ìbàdàn ni mí, ọlọ́kà ni wá, ṣùgbọ́n mo bu ẹ̀ẹ̀kejì.

Ẹgbẹ́ onífújì kan ló ṣeré. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni bí wọ́n ṣe ń náwó fún olórin báyìí. Tẹ́lẹ̀, iwájú orí ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ á gorí ẹ̀. Lónìí, àpò aṣọ ńlá kan ni ọmọ ẹ̀yìn olórin gbé dání; bí wọ́n bá ti na owó, inú rẹ̀ ló ń lọ, alága ìjókòó sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ náírà mọ́lẹ̀. Látìgbà tí ilé-ẹjọ́ ti rán Bobrisky lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní oṣù Kẹrin ọdún yìí lórí ọ̀rọ̀ títàbùkù owó náírà níbi àríyá ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Òfin náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tó mú ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ni ayé tó mọ̀ pé ó wà. Lẹ́nu géètì, síbẹ̀síbẹ̀, àwọn obìnrin méjì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń ta owó tuntun lédìdìpọ̀.

A tètè kúrò. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń dùn ún.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kejìlá

Òní ló pé ọdún mẹ́rìnlá tí Síkírù Àyìndé Barrister kú. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá 2010 ni, ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá onílé ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé: láti ìdájí ni wọ́n ti gbé rédíò àtijọ́ wọn jáde sórí pèpéle, wọ́n sọ ohùn rẹ̀ sókè. Alhájì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n gbọ́ pé ará Ìbàdàn ni mí, wọ́n ní kí n wá jókòó, pé ọmọ ìlú mi ni Barrister.

Ọmọ Ìbàdàn ni lóòótọ́, 1948 ni wọ́n bí i. Alhájì ní àwọn bá a ṣe wéré nígbà táwọn wà lọ́mọdé, ní Èkó, ìyẹn orin tí àwọn ọmọ ń kọ kiri àdúgbò lóru Ramadan láti jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì. Wọ́n fi ìka gbá tábìlì kí n lè gbọ́ bí ìlù rẹ̀ ṣe máa ń lọ. Wọ́n ní ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, ó jáde, ó sọ orin wéré di fújì, orúkọ òkè kan ní Japan tó rí nínú àwòrán ní pápákọ̀ òfurufú. "Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ tìsinsìnyí," ni Alhájì wí, "gbogbo ẹ̀, inú agolo àti páànù tí à ń lù lóru ló ti jáde." Wọ́n pa ojú dé, wọ́n ń mi orí, mi ò sì lè dìde títí awẹ́ náà fi parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà ń dúró.

Lálẹ́, gbogbo ọkùnrin àdúgbò kóra jọ síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ìdíje: ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ní Marrakech, ní Mòrókò. Ìgbà tí wọ́n pe orúkọ Adémọ́lá Lookman gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ariwo tó sọ, a gbọ́ ọ nínú ilé. Ọmọ tó gbá góòlù mẹ́ta wọlé Leverkusen nínú àṣekágbá ìdíje Europa ní oṣù Karùn-ún, ní Dublin. Osimhen ló gbà á lọ́dún tó kọjá. Ṣáájú Osimhen, Kanu ló gbà á kẹ́yìn nínú àwọn ọmọ wa, ní 1999. Chiamaka Nnadozie náà gba ti aṣọ́lé obìnrin, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ariwo kankan fún un, ìyẹn sì dùn mí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo sọ fún, àwa mẹ́ta ló pàtẹ́wọ́ fún un ní pálọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kejìlá

Mo jí bá ariwo. Ìdí dírayà tó ti bàjẹ́, èyí tó ní ẹsẹ̀ onítáyà kéékèèké, ti pòórá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wá ẹni tó gbé e. A kò wá a jìnnà. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ti gbé e lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé Alhájì.

Wọ́n ń ya fíìmù. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń wò wọ́n. Wọ́n fi rọ́bà ìdirun, bí ogún báyìí, so fóònù kan mọ́ orí òpó dírayà náà níbi tí àkéte rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti ń tì í lẹ́yìn, fóònù á máa lọ geere, kò ní mì. Àwo páànù ni apata. Ọmọrí ìkòkò ni àṣíborí ọ̀tá. Ẹnì kejì wọ àpò ìrẹsì tí wọ́n ti gé ihò ọrùn àti apá sí lára, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọ̀gá wọn tó gbà pé ó kú dáadáa. Bárò tí wọ́n fi ń kó yanrìn ni mọ́tò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá gbé ojúlówó fíìmù náà sórí fóònù kejì, wọ́n fi tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú mọ ibi tí wọ́n ti rí i kọ́. Ní 2020, nígbà tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, àwọn ọmọ tí gbogbo ayé ń pè ní Ikorodu Bois mú ìpolówó fíìmù Extraction, fíìmù olówó gọbọi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe, wọ́n fi ohun èlò ilé ìdáná àti bárò tún un ṣe níṣìísẹ̀ níṣìísẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Russo tó ṣe fíìmù náà rí i, wọ́n fi ìwé ìpè síbi ìfilọ́lẹ̀ apá kejì ránṣẹ́ sí wọn. Netflix kó kámẹ́rà àti irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe pé Òyìnbó mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ yìí kò dúró de kámẹ́rà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni. Agolo àti páànù tí Alhájì sọ lánàá ló tún padà wá.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Mo rò pé yóò gba ọmọ náà létí, ṣùgbọ́n ó wo fóònù náà pẹ́. Ó ní, "Rọ́bà mi dà?" Ọmọ náà ní àwọn á dá a padà, mọ́mì. Ó ní kí wọ́n fi í síbẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀já di òpó náà kí fóònù olóhun má baà já lulẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi í dì í.

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kejìlá

Mo ti ṣèlérí fún ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi pé màá mú un lọ wo Jẹ́nífà. Mo yọ ọ́ nínú owó tí mo ti rí níbi irun. A wọ BRT ní Ìkòròdú, ọkọ̀ náà gba ojú ọ̀nà tirẹ̀, ó ń fi àwọn dáńfó sílẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Láti 2015 tí wọ́n ti nà án dé Ìkòròdú ni ìrìn yìí ti rọrùn díẹ̀ fún wọn. A kọjá Májídùn, omi funfun nínú ọyẹ́, ọkọ̀ ojú omi méjì dúró sójú kan. Ní Ojọ́ta a bọ́ọ́lẹ̀, a wọ ọkọ̀ Ìkẹjà.

Mi ò ní sọ ìtàn fíìmù náà fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ilé sinimá kún. Bí Jẹ́nífà bá ti la ẹnu báyìí, kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rín ti gba gbogbo ilé. Ìyá arúgbó kan wà níwájú wa tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ ibi tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sí i létí, ìyá náà sì máa ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀ lẹ́yìn tí ti gbogbo èèyàn bá ti tán. Mo gbádùn ẹ̀rín rẹ̀ ju fíìmù lọ.

Mo ti pa fóònù. Ìgbà tá a jáde, tí mo tàn án, ìpè mẹ́rìnlá ló ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo pè é. Kò kí mi. Ó ní, "Ṣé o ti bá Màámi sọ̀rọ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́. Ayẹyẹ ọdún tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé n'Íbàdàn, ní Baṣọ̀run, èyí tí wọ́n ti polówó pé ọ̀fẹ́ ni, pé ẹ̀bùn wà níbẹ̀. Èrò ti pọ̀ láti ìdájí. Wọ́n ti tẹ àwọn ọmọ mọ́lẹ̀.

Ọmọ mi ti bá mi sọ ọ́ kí n tó kúrò nílé. Ó ní gbogbo ọmọ kíláàsì àwọn ló ń lọ. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ Màámi. Mo sọ ọ́ gan-an bẹ́ẹ̀, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ẹrù tí mò ń dì.

Mo pe Màámi lẹ́ẹ̀mẹfà, kò wọlé. Àyà mi ń lù kì kì kì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú láàárín ọjà, kò sì sọ nǹkan kan, ó kàn dì í mú. Lẹ́ẹ̀keje ó wọlé. Màámi ní, "Ó wà níbí. Ó ń bínú sí mi." Wọ́n ní àwọn dìde lóòótọ́, àwọn wọṣọ fún un, àwọn dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ lágogo mẹ́fà àárọ̀, àwọn rí bí èrò ṣe ń ti ara wọn mọ́ géètì, àwọn sì yí padà. Ọmọ náà sunkún délé. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún un. Kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ìmí rẹ̀ nínú fóònù, ó tó mi.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìtajà náà. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kí n dìde.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kejìlá

Ọlọ́pàá ti kéde rẹ̀: ọmọ 35 ló kú. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Irun wà láti dì, a sì dì í, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ Jẹ́nífà tàbí Aláàkadá. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá ò fi wọ́n sílẹ̀ lọ ọjà bí wọ́n ti máa ń ṣe; kálukú dúró ti tirẹ̀. Rédíò sọ pé ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ti já owó epo bẹntiróòlù wálẹ̀ sí 899.50 náírà lítà kan. Lọ́jọ́ mìíràn, ariwo ayọ̀ ni à bá fi gbà á.

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́. Ẹni tó bá pe ọmọdé síbi àríyá gbọ́dọ̀ ti ka ìjókòó, kí ó ti ka géètì, kí ó ti mọ ẹni tí yóò dúró lẹ́nu rẹ̀. Ìyá tó jí lóru gbé ọmọ lọ kò ṣe ohun tó burú. Ọdún tí àpò ìrẹsì ti di ohun tí à ń wò lókèèrè ni, wọ́n ní ọ̀fẹ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó dọ̀sán, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ ra òwú àti átàṣímẹ́ǹtì nínú ìgboro. A gba Ìta-Ẹlẹ́wà kọjá. Ó fi ẹnu júwe kóòtù fún mi, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ ìwádìí ikú Mohbad. Ní 12 oṣù Kẹsàn-án 2023 lọmọ náà kú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín, ní Ìkòròdú níbí. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n tún fi wú òkú rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ àdúgbò tan àbẹ́là, wọ́n ń kọrin rẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n ń pe orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, "Ìmọ́lẹ̀! Ìmọ́lẹ̀!" Ọ̀pọ̀ wọn kò dàgbà ju ọmọ òun lọ. Òun ò mọ orin rẹ̀ kan kí ó tó kú, ṣùgbọ́n òun ti ṣọ́ọ̀bù, òun tẹ̀ lé wọn.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" ló wí. "Ọmọ ẹnì kan ni."

A ra òwú. A tún ra súwíìtì, ó ní kí n gbé e lọ fún ọmọ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kejìlá

Mi ò sùn dáadáa. Agogo márùn-ún ni mo ti wà ní gáréèjì. Alhájì ti ṣàdúrà fún mi láti alẹ́ àná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fíìmù wọn tó ti parí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo wò ó láàárín Ìkòròdú sí Ṣàgámù. Ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òun ló ṣe ọba. Gèlè tó fi di òpó dírayà ló tún wé.

Nínú ọkọ̀, wọ́n ní Aláàkadá ti wọ sinimá lónìí. Ẹnì kan ní kí wọ́n pa rédíò náà, pé ará Ìbàdàn pọ̀ nínú ọkọ̀ yìí. Awakọ̀ pa á.

Màámi jókòó lórí pèpéle nígbà tí mo wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí. Ọmọ mi wà nínú yàrá, aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́rú ṣì wà lórí àga, wọ́n ti ká a. Ó wò mí, ó gba súwíìtì, ó ní gbogbo ènìyàn lọ àfi òun. Mi ò tíì mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ fún un. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì kò ní padà wá ní oṣù Kìíní.

Mo bi í pé irun wo ló fẹ́ fún ọdún.

"Sùkú."

Mo jókòó sórí àpótí, ó jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún mi. Mo wá ìlàrí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí.